Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Túndé Kèlání, Ìbàdàn àti Ìtàn Pínpín Fíìmù Yorùbá

Àṣamọ̀

Àwọn onímọ̀ ti kọ ohun púpọ̀ lórí èdè, àṣà àti ìṣèlú nínú fíìmù Túndé Kèlání, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn fíìmù náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran kò tíì rí àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn Kèlání gẹ́gẹ́ bí olóòtú adádúró tí ó tún ń pín fíìmù ara rẹ̀, láti ìgbà tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní 1970 títí di àkókò íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun méjì ni a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní ni pé Ìbàdàn ni ó pèsè púpọ̀ nínú ìtàn àti òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Èkejì ni pé kì í ṣe kámẹ́rà ni ó ń sọ olóòtú di adádúró, bí kò ṣe agbára rẹ̀ lórí ọjà. Ibi tí agbára yẹn bá ti já, ibẹ̀ ni òmìnira rẹ̀ náà ti ń já.

Ìfáàrà

Ní 1874 ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòóṣà ti yọ ọ́ lóyè. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Màpó dé Bẹyẹrúnka àti Ìsàlẹ̀ Òsì, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nínú ìwé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní abúlé Lábọ̀dé ní 1939, sọ ìtàn náà di eré onítàn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ tíátà Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e lọ sí orí ìtàgé. Bánkọ́lé Bello darí fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 2005, Túndé Kèlání tún un ṣe, Clarion Chukwurah sì ni ó kó ipa Ìyálóde.

Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kò bára mu. Ìwé ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, eré ni níwájú èrò, fíìmù ni nínú gbọ̀ngàn, fídíò ni nínú yàrá. Bí ọ̀nà ti ń yí padà ni ẹni tí owó ń tọ̀ lọ náà ń yí padà. Òǹkọ̀wé lè gba owó àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eré lè ka owó ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòtú fídíò tí ó tà ẹ̀dà kan lónìí lè rí ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ayédèrú lórí àtẹ lọ́la, láìsí kọ́bọ̀ kan fún un. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń béèrè nìyí: ta ni ó ni fíìmù kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán?

Kí ni à ń pè ní adádúró?

Nínú iṣẹ́ yìí, olóòtú adádúró ni ẹni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti ṣe fíìmù, tí kò sì ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń gbé owó sílẹ̀ fún un. Òun ni ó ń wá owó, òun ni ó ń yan ìtàn, òun ni ó sì ń wá ẹni tí yóò wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì láàárín Yorùbá. Ọ̀gá ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri, irú èyí tí Hubert Ògúndé dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ni olóòtú, olùdarí, akọrin àti agbowó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó ń kó òṣèré. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú òṣèré náà. Kò sí ẹni tí ó lè jí eré orí ìtàgé gbé lọ, nítorí ara òṣèré ni eré náà wà.

Fíìmù ni ó kọ́kọ́ ya iṣẹ́ kúrò lára òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ti yà á tán, ó di ohun tí a lè dì sínú agolo, kí a sì gbé e lọ sí ibi tí olóòtú kò sí. Àǹfààní ni èyí, nítorí ènìyàn kan náà lè máa ṣeré ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ewu ni pẹ̀lú, nítorí ohun tí a lè gbé, a lè jí i. Ní àfikún, fíìmù nílò ohun tí ó wà lókè òkun: ẹ̀rọ, ìtẹ́ fíìmù, àti ilé iṣẹ́ tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ti ń dá dúró lórí ìtàgé wá bá ara rẹ̀ nínú ìgbáralé tuntun.

Àwọn tí ó gbé fíìmù káàkiri

Ní 1970, ilé iṣẹ́ Calpenny tí Francis Ọládélé dá sílẹ̀ gbé fíìmù Kongi's Harvest jáde láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, pẹ̀lú Ossie Davis ará Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún 1976 ni fíìmù gígùn tí ó kọ́kọ́ sọ èdè Yorùbá jáde: Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e ní 1979, láti inú ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ògúndé gbé Ayé jáde. Jáyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980. Láti orí Kádàrá ní 1980 ni Adé Love ti bẹ̀rẹ̀ sí darí fíìmù fúnra rẹ̀. Ìyá Ni Wúrà wà lára wọn.

Bí àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ni ó ṣe kókó fún wa. Ọwọ́ àwọn àjèjì, pàápàá àwọn ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá wà tẹ́lẹ̀. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1972 láti fi òwò lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ yí orúkọ àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn padà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí wọ́n ń fi hàn padà: fíìmù Amẹ́ríkà, ti Íńdíà àti ti Hong Kong, tí ó wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Olóòtú Yorùbá kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó padà sí ọ̀nà tí ó ti mọ̀ láti ìgbà tíátà alárìnkiri. Ó háyà gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé ìwé, àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì àti pápá ìṣeré. Ó gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀. Ó sì ń bá fíìmù rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, nítorí ọ̀wọ́n ni ṣíṣe ẹ̀dà. Olóòtú kò sì lè fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má baà dà á kọ, tàbí kí wọ́n má baà fi owó ẹnu ọ̀nà ṣe tiwọn.

Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Ó fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Àwọn kan da fíìmù náà kọ sórí fídíò láìgbàṣẹ, wọ́n sì ń tà á nígbà tí olóòtú kò tíì rí owó rẹ̀ padà. Gbèsè tí ó bọ́ sí wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni pé fíìmù tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù lọ lè jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ ba olóòtú rẹ̀ jẹ́.

Láti Agodi dé Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù kejì ọdún 1948 ni wọ́n bí Túndé Kèlání ní Èkó, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ó gbé dàgbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Ìbàdàn ni iṣẹ́ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ní 1970, ó wọ ilé iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Agodi. Ó sì bẹ̀rẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959.

Kò yẹ kí a fojú kéré ohun tí ibùdó yìí jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tíátà Yorùbá ń wá síbẹ̀ láti ṣe eré fún tẹlifíṣọ̀n. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lára ohun tí ó sì ń bójú tó ni fíìmù. Nítorí náà, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti pàdé: òǹkọ̀wé mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe, ayàwòrán sì mọ òǹkọ̀wé. Àjọṣe tí yóò mú èso wá ní ogún ọdún lẹ́yìn náà ti ní gbòǹgbò níbẹ̀.

Kèlání lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà délẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ìròyìn fún àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè, ó sì di ayàwòrán tí àwọn olóòtú Yorùbá ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fíìmù. Ìyá Ni Wúrà ti Adé Love wà lára àwọn tí ó yà. Òun àti Fálétí pẹ̀lú àwọn mìíràn pawọ́ pọ̀ ṣe fíìmù Ìdààmú Páàdì Mínkáílù láti inú eré Fálétí. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ọ̀gá tíátà ṣe ń náwó sórí fíìmù, tí wọ́n sì ń sá tẹ̀ lé e káàkiri. Kò wọ iṣẹ́ olóòtú bí ẹni tí kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Òpómúléró àti ayé fídíò

Ìlànà àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 mú kí owó náírà já wálẹ̀. Ìtẹ́ fíìmù àti fífọ fíìmù lókè òkun wá di ohun tí apá olóòtú adádúró kò ká mọ́. Fídíò, tí ó ti ba Bàbá Sàlá jẹ́, ni ó wá di ọ̀nà àbáyọ. Ní 1988 sí 1989, àwọn òṣèré Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí ya eré sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní tààràtà. Ọ̀kan lára wọn ṣe pàtàkì fún ìtàn Ìbàdàn: Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe ní 1989, tí Kenneth Nnebue oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì sì náwó sí. Nnebue yìí kan náà ni ó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Bí a bá fẹ́ ka ìtàn náà bó ti tọ́, a ó rí i pé ọwọ́ òṣèré Ìbàdàn ni oníṣòwò náà ti kọ́kọ́ rí i pé fídíò lè mú owó wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Kèlání dá Mainframe sílẹ̀, èyí tí ó pe orúkọ Yorùbá rẹ̀ ní Òpómúléró. Orúkọ náà kún fún ìtumọ̀: òpó tí ó mú ilé dúró. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ni ó fi ṣí ọ̀nà ní 1993, láti inú ìtàn Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé. Ìtàn àwọn ìjòyè tí ó ta ilẹ̀ òrìṣà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo ni, tí ikú sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

A ní láti mọ bí ọjà tí fíìmù yìí wọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Olóòtú a kó ògidì kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún oníṣòwò, lọ́pọ̀ ìgbà ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó. Oníṣòwò a dà á kọ, a tẹ ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, a pín in fún àwọn alátùn-úntà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, Oṣogbo, Àkúrẹ́ àti ìlú mìíràn. Àwọn ilé tí ń yáni ní fídíò a ra ẹ̀dà kan, wọn a sì máa yá a fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Olóòtú kò ní ìpín nínú owó yíyá. Ẹni tí kò bá lówó láti ṣe fíìmù mìíràn a gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tí ó bá sì yáni lówó ni yóò sọ irú ìtàn tí ó ń tà àti òṣèré tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Àní ìrísí fíìmù pàápàá ń fi àmì ọjà hàn. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta. Ìtàn rẹ̀ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ọjà ọ̀tọ̀: owó apá kìíní lè ṣe ìrànwọ́ fún apá kejì, òǹwòran tí ó bá sì ti ra èkíní yóò fẹ́ mọ òpin. Ohun tí aṣàyẹ̀wò lítíréṣọ̀ lè kà sí ọgbọ́n ìtàn, ọgbọ́n olùpín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé Ìbàdàn di fíìmù

Ohun tí ó ya Kèlání sọ́tọ̀ nínú ọjà yìí ni ibi tí ó ti ń wá ìtàn. Dípò kí ó dúró kí oníṣòwò sọ ohun tí ó ń tà, orí ìwé ni ó gbára lé. Púpọ̀ nínú ìwé náà sì wá láti ọwọ́ àwọn tí Ìbàdàn bí, tàbí tí wọ́n fi Ìbàdàn ṣe ibi iṣẹ́. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó ni Kòṣeégbé (1995), Ó Le Kú (1997), Ṣaworoidẹ (1999), Agogo Èèwọ̀ (2002) àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà (2005). Báyọ̀ Adébọ̀wálé, ọmọ Ìbàdàn, ni ó ni ìtàn White Handkerchief (1998) àti The Virgin, tí ó di The Narrow Path ní 2006. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, tí ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó ni MAAMi (2011). Ọláyínká Ẹgbọ́khárẹ́, olùkọ́ ní yunifásítì kan náà, ni ó kọ Dazzling Mirage, tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 2014.

Àǹfààní ọjà wà nínú yíyàn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ àṣà ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kà ní ilé ìwé ti ní òǹwòran kí fíìmù rẹ̀ tó jáde. Ẹni tí ó ka Ó Le Kú láti 1974 tí ó kọ́kọ́ jáde ti ń fojú inú wo Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán tí ó wà lọ́kàn òun ni yóò rí. Nígbà tí fíìmù náà dé, ìró àti bùbá tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀ padà di àrà, àwọn aránṣọ sì ń pè é ní "Ó Le Kú". Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi owó rà. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó rán an àti oníṣòwò tí ó ta aṣọ ni ó jèrè rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí èrè náà lè gbà padà sí ọ̀dọ̀ olóòtú.

Ṣaworoidẹ ni ó fi bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti ti olóòtú ṣe bára mu hàn jù lọ. Ìlú Jogbo, ọba Lápité tí ó kọ̀ láti ṣe ètò tí ó yẹ kí ó tó jọba, àti àwọn ìjòyè tí ń ta igi igbó ìlú, jẹ́ òwe fún Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba ológun. Fálétí fúnra rẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kó ipa Arẹ̀ṣẹ̀jábàtà, ọmọ ọba tí adé tọ́ sí, ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé fíìmù káàkiri nínú ọkọ̀ wọ iṣẹ́ náà láti ọwọ́ ẹni tí ó ti ṣe ayàwòrán fún bàbá rẹ̀.

Ta ni ó ń sọ ìtàn Ẹfúnṣetán?

Pínpín fíìmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó kan irú ìtàn tí yóò borí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ ẹ̀sùn tí Látòóṣà ka sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: pé kò bá Ààrẹ lọ sógun, pé kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, àti pé kò jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ọ̀ràn òṣèlú ni gbogbo èyí. Nínú eré Ìṣọ̀lá, ohun tí ó gba iwájú ni ìkà obìnrin tí ikú ọmọ rẹ̀ ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, tí ó sì ń pa ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, tí ó ṣe ìwádìí lórí ipò Ìyálóde, rán wa létí pé oníṣòwò ńlá àti olóṣèlú ni àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ ní ìlú tí agbára ti wà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tí ó lè fi dandan lé e pé kí òǹkọ̀wé eré máa kọ ìtàn bí onímọ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ìtàn méjèèjì gbà rìn. Eré náà wọ ilé ìwé, ó wọ pápá, ó wọ yàrá nípasẹ̀ fídíò, lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wà nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ ará Ọjà'ba kò ní fojú kàn. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé ìkà lásán ni Ẹfúnṣetán, ó ṣeé ṣe kí ó má ka ìwé kankan rí. Fíìmù ni ó wò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń pín fíìmù ń pín ìtàn ìlú pẹ̀lú, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Sídíì, ayédèrú àti ìgbìyànjú láti rí ọ̀nà mìíràn

Nígbà tí sídíì fídíò gba ipò kásẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìwọ̀nba ìdíwọ́ tí ó wà níwájú àwọn ayédèrú wó lulẹ̀. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì máa ń ṣú, ó sì ń gba àkókò láti dà á kọ. Ẹ̀dà sídíì mọ́ bí ògidì, ó sì yá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kó fíìmù púpọ̀ sínú sídíì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń tà á fún iye tí kò tó owó ẹyọ kan. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà wà láti 1988, àjọ tí ó ń bójú tó o sì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfin kò tó ọjà. Kèlání ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ayédèrú ń jẹ òun run.

Bí ọ̀nà kan ti ń dí ni ó ń wá òmíràn. Ó ṣe Thunderbolt: Magun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, èyí tí ó rin ìrìn àjò káàkiri àjọ̀dún fíìmù ní òkèèrè. Ó pa òwò pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Benin láti ṣe Abẹ́ní ní 2006, kí fíìmù náà lè ní ọjà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè. Ó tún gbé ẹ̀rọ sinimá lọ bá àwọn ènìyàn ní gbangba ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti wo Arugbá lọ́fẹ̀ẹ́. A ó rí i pé ọ̀nà Ògúndé àti Adé Love ni ó padà sí: gbé e lọ bá wọn, kí ìwọ fúnra rẹ wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba ni ó ń náwó sí i, kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà. Ibi tí owó ìjọba bá sì ti tán, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń dúró.

Ní àkókò yìí kan náà, gbọ̀ngàn sinimá ń padà bọ̀, láti orí Silverbird ní Èkó ní 2004. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀ ní Dùgbẹ̀ àti Sàmọ́ńdà, nínú àwọn ilé ìtajà ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀ mú kí ó jìnnà sí ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà'ba. Ẹni tí ó ń gbọ́ èdè inú Ṣaworoidẹ jù lọ, tí òwe inú rẹ̀ kò ní ṣe àjèjì sí, ni ó ṣòro jù fún láti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò mú owó padà sọ́dọ̀ olóòtú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ọ̀ràn ayédèrú le láti sọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Olè ni ẹni tí ó dà á kọ. Síbẹ̀, ẹ̀dà ayédèrú wà lára ohun tí ó sọ Ṣaworoidẹ di ohun tí a ń fi pa òwe nígbàkígbà tí olóṣèlú bá ṣe àṣìlò agbára. Olóòtú pàdánù owó. Àwùjọ jèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbé apá kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí kò tíì sọ ọ́ tán.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti ìbéèrè ìpamọ́

Ayé íntánẹ́ẹ̀tì tún mú olùpín tuntun wá. Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní èdè Yorùbá, jáde lórí Netflix ní 2022, ó sì dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan náà, ohun tí bàbá rẹ̀ kò lè fi ọkọ̀ kankan ṣe. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Amazon kéde pé òun kò ní náwó mọ́ sórí fíìmù tuntun láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní òkèèrè pa ọ̀nà kan dé nílé. Ó jọ ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn sinimá ṣáájú 1972: ẹni tí ó ni ilẹ̀kùn ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Kèlání alára darí Àyìnlá ní 2021, ṣùgbọ́n Jade Osiberu ni olóòtú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ṣe olóòtú fún ara rẹ̀, iṣẹ́ olùdarí lábẹ́ olóòtú mìíràn gba ẹrù ọjà kúrò ní èjìká rẹ̀.

Ohun kan tún kù tí ó kan àwa tí ń ṣe ìwádìí. Ẹ̀dà púpọ̀ nínú àwọn fíìmù ìgbà Ògúndé àti Adé Love ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí ó ń rìn pẹ̀lú ẹ̀dà kan tàbí méjì kò ní ibi ìpamọ́ tí ó tutù. Ooru, eruku àti ẹ̀rọ sì ń jẹ fíìmù. Fíìmù èdè Haúsá kan, Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé kí wọ́n tó rí i nínú àká àjọ fíìmù ní Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì tún un ṣe ní Jámánì ní 2018. Ó wà nítorí pé ẹnìkan fi pamọ́. Ní ti fídíò, ewu náà kò kéré: téèpù ń bàjẹ́, ẹ̀rọ tí ń kà á kò sí lọ́jà mọ́, ẹ̀dà tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ẹ̀dà ayédèrú tí wọ́n ti gé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìtàn Kèlání kì í ṣe ìtàn Èkó nìkan. Agodi ni ó ti kọ́kọ́ di kámẹ́rà mú. Ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn ni ó ti gba èyí tí ó pọ̀ nínú ìtàn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyálóde Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí ó gbé dé inú yàrá wa. A tún ti rí i pé láti 1976 títí di òní, olóòtú Yorùbá kò fìgbà kan ṣaláìní ìtàn, òṣèré tàbí òǹwòran. Ohun tí ó ń ṣaláìní ni afárá tí ó dúró ṣinṣin láàárín òun àti òǹwòran, èyí tí owó lè gbà padà wá. Ọkọ̀ ni Adé Love fi ṣe afárá. Ìdúmọ̀tà ni ti ìgbà fídíò. Ilé iṣẹ́ òkèèrè ni ti ìgbà yìí. Nínú gbogbo rẹ̀, ìgbà tí olóòtú bá di afárá náà mú fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ìtàn tí ó wù ú.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kú ní oṣù kejì 2018, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Fálétí kú ní 2017. Ìwé wọn ṣì wà ní ilé ìkàwé. Fíìmù tí wọ́n bá Kèlání ṣe kò ní ilé ìkàwé tí ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa ń kọ́ni ní fíìmù wọ̀nyí. Ó tó àkókò kí wọ́n pẹ̀lú àwọn olóòtú fọwọ́ sí àdéhùn láti tọ́jú ògidì ẹ̀dà, kí wọ́n sì san owó ẹ̀tọ́ fún lílò wọn. Bí a bá ń fi ẹ̀dà ayédèrú kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹni tí ayédèrú pa lára, àwa náà wà lára ìtàn tí a ń kọ.